Ọmọ Télọ̀ Nílé-Iṣẹ́ Rédíò Wa

Bàbá Jàmíátù ló fà á lọ́wọ́ wọ ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Ìlá. Bàbá Àdìsá ni wọ́n ń pe bàbá náà, télọ̀ ni. Ó gbé páálí míníràlì kan léjìká, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ìròyìn dà? Mo mú ọmọ wá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Dinah lorúkọ mi, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Mo ti fi férémù sí ìwé-ẹ̀rí mi, mo gbé e kọ́ sára ògiri lókè tábìlì mi, kí ẹni tó bá wọlé lè rí i kó tó rí èmi gan-an. Àfi kí ẹnì kan wá gbé míníràlì dé pé ọmọ òun fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ aṣọ rírán!

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè tó jẹ́ olóòtú ìròyìn, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun náà kò dé yunifásítì. Akọ̀ròyìn àgbà kan ló ń bá gbé rẹ́kọ́dà kiri nígbà èwe rẹ̀. Ó fa àga fún Bàbá Àdìsá, ó ní kó jókòó.

Bàbá ní, "Ọdún méjì ni mo fi ń kọ́ ọ ní télọ̀. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí n tó wọn oníbàárà tán, ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ẹni tí wọ́n ń bá jà àti ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò wúlò fún mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo mú wá fún yín."

Wọ́n kọ àgíríìmẹ́ǹtì bí àwọn télọ̀ ṣe ń kọ ọ́. Ọdún méjì ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ìròyìn kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Jàmíátù kò tíì jáde lórí afẹ́fẹ́, kó padà sídìí máṣíìnì. Ọ̀gá fọwọ́ sí i, bàbá fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí èmi ṣe ẹlẹ́rìí. Mo fọwọ́ sí i, mo yọ ṣùtì. Jàmíátù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta péré jù ú lọ ló ń pè ní mà!

Ìṣòro rẹ̀ kò pẹ́ fojú hàn. Ọmọ tó máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, kété tó bá ti gbé rẹ́kọ́dà síwájú àgbà, kìkì ìkíni ló kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rán an sí Bàbá Ọláyínká, olórí àwọn olóko kòkó, pé kó lọ bi í léèrè ohun tó dé tí kòkó fi wọ́n. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló gbà sílẹ̀. Gbogbo wa rọ̀gbà yí rẹ́kọ́dà ká.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Ṣé àlàáfíà ni ìyá wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́, sà?"

Bàbá Ọláyínká sọ ti ẹ̀yìn. Ó sọ ti orúnkún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Jàmíátù ń ṣe àmín. Nígbà tó yá, bàbá bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Láti ibẹ̀ lọ, bàbá ló ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí bátìrì fi kú.

Ọ̀gá ní, "Jàmíátù, kòkó dà?"

"Sà, mo fẹ́ bi wọ́n, àmọ́ wọn ò tíì parí àdúrà."

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ìbéèrè ni iṣẹ́ wa. Ó lajú sílẹ̀ wò mí. "Àǹtí Dinah, ṣé kí n wá máa da ìbéèrè bo àgbàlagbà bí ọlọ́pàá ni? Ìyá mi á gbá mi lẹ́nu!" Báyìí ni oṣù méjì ṣe lọ. Ìkéde ewúrẹ́ tó sọnù ló ń bá wa kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kọ débi pé àwọn èèyàn ń tẹ̀ wá láago béèrè bóyá wọ́n ti rí ewúrẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́lé, ó ń rù. Ó sọ fún mi pé bí òun bá padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, bọ́tìnì lòun á máa gán títí òun á fi darúgbó, ó sì bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé gan-an ni Olóyè Kọ́lájọ fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi tó ṣe fún abúlé kan lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Olóyè yìí ní ilé-epo mélòó kan, ó sì ń dupò. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, torí mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀gá ní kí n lọ kọ ìròyìn rẹ̀ wá, kí Jàmíátù bá mi gbé rẹ́kọ́dà. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì.

Bí a ṣe débẹ̀, wọ́n pín ìwé ọ̀rọ̀ Olóyè fún gbogbo akọ̀ròyìn. Kí n má parọ́, wọn ò tíì gé ríbọ́ọ̀nù tí mo ti kọ ìròyìn mi tán láti inú ìwé yẹn, tí mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lórí Wasáàpù. Mo kọ ọ́ pé omi mímọ́ gaara ti ń ṣàn lábúlé náà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sí ẹni tó ṣe ohun mìíràn níbẹ̀. Olóyè gé ríbọ́ọ̀nù, a pàtẹ́wọ́, gbogbo wa kọjú sí ìrẹsì.

Jàmíátù nìkan ni kò jẹun. Ó gba iwájú Olóyè lọ, ó kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, rẹ́kọ́dà ń gbà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú ìnáwó, sà. Ẹ kú ìdúró, sà. Oòrùn yìí mà mú o, sà. Ìyàwó ńkọ́, sà?" Ojú tì mí, mo wo inú abọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú Olóyè ń dùn. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ rèé, kí ni kí òun fi ṣe é lálejò?

"Omi ni mo fẹ́ tọrọ mu, sà."

Olóyè na ọwọ́ sí omi inú ike tó wà lórí tábìlì. Jàmíátù dúpẹ́, kò gbà á. "Ti inú ẹ̀rọ yín ni, sà. Òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti Ìlá, mo sì fẹ́ lè ròyìn bó ṣe tutù tó."

Olóyè wo kọngílá tó ṣe iṣẹ́ náà. Kọngílá wo òkè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi omi du àlejò tó wà lórí ìkúnlẹ̀, níṣojú gbogbo abúlé? Jàmíátù lọ kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ẹnì kan sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ó hó díẹ̀, ó dákẹ́. Aáyán kan yọjú, ó wò wá, ó padà sínú ilé rẹ̀. Jàmíátù ṣì tẹ́wọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ó ní, "Kò burú, sà. Mo lè dúró dè é."

Kọngílá ni kò lè dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé àwọn ò tíì gbẹ́ ilẹ̀, pé táǹkì àti ẹnu ẹ̀rọ làwọn kọ́kọ́ gbé dúró torí ọjọ́ ti pé. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàdíjátù wá bu omi wá nínú kọ́ọ̀pù. "Gbà mu, ọmọ mi. Odò ni mo ti pọn ọ́n láàárọ̀. Ìrìn rẹ̀ jìn, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí." Gbogbo rẹ̀ ni rẹ́kọ́dà gbà. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ọmọ yìí ti fura tẹ́lẹ̀ tàbí òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Mo ti bi í, ó ní, "Òùngbẹ ni, mà."

Mo sáré tẹ ọ́fíìsì láago, nẹ́tíwọọ̀kì ò sí. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, a gbọ́ ìròyìn ọ̀sán láti ṣọ́ọ̀bù kan: omi mímọ́ gaara ti ń ṣàn. Ọlọ́kadà tó gbé wa rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa sí kòtò.

Ọ̀gá gbọ́ ohun tí Jàmíátù gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo ìwé-ẹ̀rí mi lára ògiri. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Ní aago mẹ́rin, wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún ìròyìn mi, wọ́n wá gbé ti Jàmíátù sáfẹ́fẹ́ tòun ti ìkíni rẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní ìparí.

Ìròyìn ò tíì tán tí Bàbá Àdìsá fi dé. Ọmọ ló wá mú lọ. Ó ti fi epo sí máṣíìnì rẹ̀ láti àárọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́ lójú ọ̀nà yẹn?"

"Ohùn rẹ̀ ni."

"Ó ti wá mọ ìbéèrè í bi àgbà?"

Ọ̀gá ní, "Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, bàbá. Omi ló tọrọ."

Bàbá Àdìsá jókòó, ó fi téèpù ọrùn rẹ̀ nu ojú, kò sì fi pa mọ́ fún wa pé ẹkún lòun ń sun. Ọ̀gá gbé àgíríìmẹ́ǹtì jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánwò ti parí. Èmi náà tún fọwọ́ sí i. Mi ò yọ ṣùtì lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán mi lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá kan lẹ́nu wò ní Ọ̀tan Ayégbajú, ẹni tó máa ń lé akọ̀ròyìn jáde. Kí n tó lọ, mo pe Jàmíátù wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe ń kúnlẹ̀ tí rẹ́kọ́dà kì í fi í bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Lẹ́yìn náà ló ní orúnkún ọ̀tún ni kí n kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. Mo fi kanlẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe, mo yára jù.