Òkè Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Fúnra-Mi fi ọ̀dà ti ara rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ mọ́lé. Kódà, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìṣojú wọn ló ṣẹlẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́jà, ilé dákẹ́, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó wo ilẹ̀ pálọ̀, ó ní sìmẹ́ńtì yìí ti ṣá jù. Ló bá gbé garawa ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìta, ó ń kùn ún bọ̀ wá sínú ilé. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń súfèé, ó ń yin ara rẹ̀, títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn, ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń wò ó. Ọ̀dà náà kò ní gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Fèrèsé yàrá náà sì ní irin, irin tó le dáadáa, torí Fúnra-Mi fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe sílé yẹn, òun nìkan ni kò mì rí.

"Ọkọ ọmọ mi," ni màmá wí, "ibo la máa gbà jáde báyìí?"

"Ẹ fún mi láyè kí n rò ó, mà."

Màmá fún un láyè. Nígbà tó rò ó títí, màmá mí kanlẹ̀. "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ, ọ̀dà lo dà."

Ojú fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fún wọn lóúnjẹ. Ife tíì kò gba àárín irin, ni wọ́n bá ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì níta kí wọ́n tó nà án wọlé. Kó tó dọjọ́ yẹn, ìkíni nìkan ló wà láàárín àna méjèèjì, torí màmá kò gbà pé ọkùnrin tí kì í gbọ́ ìmọ̀ràn lè tọ́jú ọmọ òun. Àmọ́ èèyàn méjì ò lè wà nínú yàrá kan títí dọjọ́ kejì kí wọ́n máa wo ògiri. Nígbà tí wọ́n jáde, màmá kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, màmá sì ṣe é dọ́jọ́ ikú ara rẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe, iṣẹ́ náà sì yé e. Kò sí aṣọ tó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rí àbùkù lára rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó gbà pé ẹni tó mọ aṣọ rán ti mọ ohun gbogbo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kí wọ́n pe akunlé, á ní, "Màá ṣe é fúnra mi." Bí òrùlé bá ń jò, "Fúnra mi ni." Ibẹ̀ ni ará àdúgbò ti mú orúkọ náà, kò sì bínú sí i. Ó ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ilé ẹni sì wà lára ìwà ẹni.

Bíi télọ̀ tí kì í da àjákù aṣọ nù, kì í da àṣẹ́kù ọ̀dà nù. Ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọ̀ tó jáde, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ rẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bó ṣe rí i.

"Ó dà bíi tíì àná," ni ìyàwó wí.

"Tíì kẹ̀? O fẹ́ràn tíì."

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Báyìí ló ṣe máa ń ṣe é, ìjà kò sì ní rí ibi gbà wọlé.

Ohun kan ṣoṣo ni kò pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni òkè kékeré tó wà nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ táìsì ló fà á. Fúnra-Mi ní òun máa tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé. Onítáìsì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́, ń gbé ní òdìkejì títì, ó sì gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà kó lè máa wòran. Fúnra-Mi tẹ́ pálọ̀, ó fi í sílẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìpẹ̀kun ilé ìdáná.

"Bàbá, ẹ ò ṣe tẹ́ ẹ lọ tààrà láti ibì kan?"

"Àwa télọ̀, apá ọ̀tún là ń rán, ká tó rán apá òsì, ká wá so wọ́n pọ̀."

"Tí wọn ò bá wá bára wọn dọ́gba ńkọ́, sà?"

"À á fà á díẹ̀."

Wọn ò bára wọn dọ́gba. Ilẹ̀ ilé ìdáná ga ju ti pálọ̀ lọ, ibi tí méjèèjì ti pàdé sì wú sókè bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ kì í sì í ṣe aṣọ, kò ṣeé fà. Onítáìsì wọlé wá wò ó, ó kọsẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fi orí gbá ògiri. Fúnra-Mi dì í mú, ó ní, "Ṣé o rí i? Ọ̀gá oníṣẹ́ náà kọsẹ̀. A jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Ìyàwó rẹ̀ ní orúnkún tó ń dùn ún. Kò sí ìgbà tó máa gbé tíì láti ilé ìdáná lọ sí pálọ̀ tí kò ní da díẹ̀ nù sórí òkè náà.

"Bàbá ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ láyé mi ò pọ̀. Kí n sáà gbé tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ kó má dànù. Jẹ́ ká pe onítáìsì."

"Oníṣẹ́ kẹ̀? Nínú ilé èmi? Sátidé tó ń bọ̀, màá tẹ́ ẹ dọ́gba."

Sátidé tó ń bọ̀ yẹn kò dé. Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé páìpù bẹ́ nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, omi kún ibẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn òkè náà. Ẹ̀kán kan kò dé orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, òkè di ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Bí àlejò bá kọsẹ̀, Fúnra-Mi á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìdènà omi nìyẹn." Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ níbẹ̀ láìwolẹ̀. Ìyá wọn náà ń gbẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tíì kò yéé dànù, obìnrin náà kò sì yéé bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ó sọ pé bí ara òun bá yá, òkè yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo gbọ́." Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá ọmọ mi, pe onítáìsì."

Obìnrin náà jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún, torí ọjọ́ náà ló mọ̀ pé ọkọ òun ń lọ.

Nígbà tí wọ́n ti sin ín, tí èrò ti tú ká, onítáìsì dé pẹ̀lú òòlù. Ó ti di àgbàlagbà báyìí, ó sì ti ń dúró de iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ó fọ́ òkè, ó fi sìmẹ́ńtì fa ìpele ilé ìdáná wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún táìsì tẹ́, ó sì fọwọ́ pa á. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀ rí.

Ó padà wá lẹ́yìn tó ti gbẹ, kó lè rí i bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀. Ọmọbìnrin ilé gbé àwo búrẹ́dì jáde láti ilé ìdáná. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó gbé e kọjá nǹkan tí kò sí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà tẹ̀ lé e, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni onítáìsì bi ìyá wọn, "kí ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ fún? Mo ti tẹ́ ẹ dọ́gba."

"Bàbá wọn ni wọ́n ń kí."

Onítáìsì dìde, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kóun tó jẹun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọ̀gá oníṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ náà gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tí bàtà dà.

Ìyá àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítáìsì wọlé ìdáná, ó po tíì fún un, ó po ti ara rẹ̀, ó sì tún po ife kan sí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé kò yẹ kó pò ó mọ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lérí àwo pẹrẹsẹ, ó ń bọ̀ wá sí pálọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbẹ́sẹ̀ sókè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

Tíì náà kò dànù. Ó wo ife kẹta, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ."