Kẹ̀kẹ́ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Ọ́ìlì Kùn

Mo fún búrékì ọwọ́ ọ̀tún, kò mú. Mo fún tòsì mọ́ ọn títí irin rẹ̀ fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò dẹ ìrìn. Ńṣe ló túbọ̀ ń sáré. Ọ̀nà ọlọ́dà tó wà níwájú mi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, n kò sì rí ibi tó ti máa tẹ́jú.

Múyìwá wà níwájú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò lórí pẹ́dàlì, ó ń fi bàtà wọ́ ilẹ̀. Ìgbà tí mo rí bàtà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tèmi nìkan. Èmi ni mo tún kẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣe. Èmi náà ni mo tún ti Ṣẹ́gun ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí góńgó òkè lẹ́yìn wa.

Mo yíjú sẹ́yìn, mo kígbe: "Ṣẹ́gun! Bọ́ sílẹ̀! Má gùn ún sọ̀ kalẹ̀ òkè o!"

Lẹ́yìn náà ni mo darí kẹ̀kẹ́ mi sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lápá òsì. Mi ò rántí bí mo ṣe ṣubú. Ohun tí mo rántí ni ìró irin tí mo gbọ́ láti ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí Múyìwá ti lọ kọlu ògiri afárá kékeré kan.

Ugbonla ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá mọ etí òkun wa lè máa rò ó pé kí ni kẹ̀kẹ́ ń ṣe nínú ìlú olómi. Orí afárá pákó la ti ń gùn ún, láti iwájú ilé kan sí èkejì, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé èbúté. Pákó náà kò fẹ̀ ju ẹní lọ, omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì. Òkè kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fún búrékì lójijì lórí pákó tútù, inú omi ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ la fi ń dúró. Bí àjèjì bá fún búrékì, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja á máa pariwo pé, "Ẹ kú ìwẹ̀ o!" kí ó tó bọ́ sómi rárá.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò tún kẹ̀kẹ́ ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ tirẹ̀, Bàbá Eléńjìnnì la sì ń pè é. Ohun tó máa ń sọ jù ni pé, "Iyọ̀ kì í sùn." Lóòótọ́ ni. Irin tí o bá gbé sílẹ̀ lónìí, bí ọjọ́ mẹ́ta bá fi máa pé, ìpẹtà ti bò ó. Bàbá a máa fi ọ́ìlì dúdú nu gbogbo irin tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n bá dà kúrò nínú jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ará ilé wa ti ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ lójú òkun, jẹnẹrétọ̀ ti pọ̀ nílùú, ọ́ìlì dúdú kò sì wọ́n wa. Nígbà tí mo dá dúró tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo mú àṣà náà dání. Ríìmù, ìyẹn irin róbótó tí táyà jókòó lé, ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọ́ìlì kùn ún dáadáa. Bàbá kò rán mi níyẹn. Ọgbọ́n tèmi ni.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ jáde máa ń dán bí ẹja tútù." Inú mi á sì máa dùn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà méjì ló dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agun-kẹ̀kẹ́ wa. Ọ̀kan pè wá sí ìdíje kan lápá Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, aago ara ògiri sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Èkejì wá láti ìlú kan lápá Àkókó, kẹ̀kẹ́ tuntun oníjíà sì ni ẹ̀bùn tiwọn. Èmi ni àgbà nínú ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni yíyàn wà.

Ṣẹ́gun, tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Ugbonla lọ sí Igbókòdá, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí ọ̀nà Àkókó yẹn rí?"

Mo ní, "Ọ̀nà ọlọ́dà ni. Kí ló tún kù?"

Múyìwá, tó ń hun àwọ̀n, bú sẹ́rìn-ín. "Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ lórí pákó láàárín omi méjì, ṣé títì ni yóò wá bà wá lẹ́rù? Ṣẹ́gun, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, dúró ti ìyá rẹ."

Bí a ṣe yàn án nìyẹn. Ẹ̀bùn ni mo wò, n kò wo ọ̀nà.

A múra sílẹ̀ gan-an, n kò ní purọ́. Oṣù méjì gbáko la fi ń gùn lójoojúmọ́, tí a dojú kọ afẹ́fẹ́ òkun, tí a di àwọ̀n tútù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí ó lè wúwo. Ọ̀sẹ̀ tí a máa lọ, mo tú kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, mo pààrọ̀ ṣéènì, mo sì fi ọ́ìlì kun gbogbo irin wọn títí dé ríìmù, ju bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ará òkè rí i pé ará odò náà mọ iṣẹ́. Òkè ni wọ́n ní kí á kọ́kọ́ gùn lọ́jọ́ ìdíje náà, afẹ́fẹ́ òkun sì ti fún wa lẹ́sẹ̀: èèyàn mẹ́rin péré ló ṣáájú Múyìwá nígbà tó dé góńgó.

Nínú ìṣubú yẹn, eegun èjìká mi ló kán. Ti Múyìwá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, kò sì mọ ẹni tó ń pè é títí di ọjọ́ kejì. Ṣẹ́gun gbọ́ igbe mi, ó fò sílẹ̀ lórí òkè, orúnkún rẹ̀ nìkan ló bó.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìlú náà ló kó kẹ̀kẹ́ wa jọ. Ó fi ìka kan kọjá lára ríìmù Múyìwá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá fún rọ́bà búrékì tó yẹ kó di ríìmù náà mú. Ọ́ìlì ń jáde lára rọ́bà náà bí omi tí ń jáde lára kànìnkànìn.

Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn tó ṣètò ìdíje ti ń sọ láàárín ara wọn pé ará odò ni wá, a kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dákẹ́, tí mo ń lọ kí Múyìwá ní ọsibítù, tí ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣeun, èmi tí wọ́n fi aṣọ so apá tèmi náà kọ́ lọ́rùn.

Ní ọjọ́ kẹfà ni mo jókòó tí mo ka gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo ti fi ọ́ìlì kun ríìmù rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Mẹ́ta ni tiwa, mẹ́rin wà ní Ugbonla, ọ̀kan wà ní Mahintedo. Ọ̀kan tó kù jẹ́ ti Tìṣà Fọlákẹ́. Ìjọba ti gbé Tìṣà kúrò nílé ìwé wa, orí òkè ni wọ́n sì gbé e lọ.

Mo lọ bá ìyá Múyìwá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, èmi ni. Ọ́ìlì tí mo fi kun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dúró."

Múyìwá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà gun irú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dìde."

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ó má tíì dìde. Ẹlòmíràn tún wà tó ń gun irú rẹ̀?"

Mo ní ó wà.

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọwọ́ kan ni mò ń lò, Ṣẹ́gun ni ọwọ́ kejì. A fi ọṣẹ àti eérú fọ ríìmù, a yọ rọ́bà tó ti mu ọ́ìlì dànù, a fi tuntun sí i. Àwọn ará Ugbonla ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá kan ní, "Búrékì? Kí ni n ó fi ṣe? Ṣé orí ìgbì òkun ni n ó ti máa sọ̀ kalẹ̀ ni?" N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo fọ tirẹ̀ náà. A wa ọkọ̀ lọ sí Mahintedo, a ṣe ti ibẹ̀.

Ó ku ti Tìṣà. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì, èsì kò dé. Ohun tí àìrí èsì yẹn fi ojú mi rí, n kò lè kọ ọ́ tán. Bí wọ́n ṣe tú apá mi sílẹ̀ lọ́rùn, mo di rọ́bà búrékì mẹ́rin sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá.

Orí òkè ni ilé ìwé náà wà lóòótọ́. Tìṣà ń bọ̀ láti kíláàsì nígbà tó rí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ wò.

"Bọ̀ọ̀dá ará Ugbonla! Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Tìṣà, kẹ̀kẹ́ yín dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé. Búrékì rẹ̀ ò lágbára o, ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ fà á bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbà pé n ó gùn ún lọ́jọ́ Sátidé. Àwa tìṣà fẹ́ ṣe ìdíje."

"Ibo ni ọ̀nà yín gbà?"

Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ òkè. "Láti ibí dé ọjà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé omi àti ọṣẹ wá. Mo fọ ríìmù lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo sì fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà kò fi dọ̀tí mọ́.

Ó ní, "Ó ti tán?"

Mo ní, "Kò tíì tán." Kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kó dán an wò. Láti ọjọ́ tí mo ti bá ara mi nínú oko ẹ̀gẹ́, n kò tíì gun kẹ̀kẹ́. Mo gun ti Tìṣà, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ òkè. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí mi létí. Mo fún búrékì. Ó mú. Mo tún jọ̀wọ́ rẹ̀, mo tún fún un, ó tún mú, kẹ̀kẹ́ dúró gbọnin láàárín òkè, èmi lórí rẹ̀.

Tìṣà wá bá mi níbẹ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ojú ara mi ni kó rí i."

Mo jókòó sórí òkúta kan létí ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ díẹ̀, ó dúró. Ó tún lọ, ó tún dúró. Mo ń kà á bó ṣe ń dúró, títí ó fi dé ọjà, tó sì gbé ọwọ́ sókè sí mi.