Ọṣẹ Tí Mo Bà Jẹ́

Òórùn eérú èèpo kòkó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní àgbàlá ìyá ọkọ mi ní Òkèrèwè, ó gbẹ, ó ń ta ni nímú. Ọṣẹ dúdú ni ìyá náà ń sè tà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Modákẹ́kẹ́, ìyẹn ló sì fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́. Bí àlejò bá ti jókòó, á ní, "Tíṣà wa nìyẹn. Ó mọ ohun tí òyìnbó ń pe ọṣẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é!" Ọkọ mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ti kú, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo da ásíìdì ilé ẹ̀kọ́ sínú ìkòkò omi eérú tí ìyá náà ti sẹ́ sílẹ̀. Ó hó, ó rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé omi eérú tí ásíìdì bá ti pa kì í jí mọ́; àdín tí a bá dà sí i kò ní di ọṣẹ láéláé. Mo kàn fẹ́ kí ojú ti ìyá náà níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé yẹn, wọn kì í kí ẹni tó ń se ọṣẹ. Wọ́n ní ìkíni a máa bà á jẹ́. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó wọlé, gbàgbé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà." Nígbà tó yá, àdín ṣì ń léfòó lójú ìkòkò.

"Ẹnu rẹ ló bà á jẹ́!" Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí i. "Ẹsẹ̀ burúkú lo gbé wọlé mi."

Ọmọbìnrin náà tún kúnlẹ̀, ó yíjú sí mi. "Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣé ìkíni lè ba ọṣẹ jẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìpetumodù. Ọkọ rẹ̀ kò lọ mú un.

Lọ́dún tó kọjá ni mo tó lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́. Ẹ̀fọ́ ló ń ṣà, kò tilẹ̀ dúró.

"Mo rí yín nídìí ìkòkò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ló wí. "Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé ibi tí mo ti da ásíìdì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ku ìgbà kan tí mo lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń wo ẹnu mi.