Ọwọ́ Òsì Ebiere

Bí o bá gbé Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1992 sí 1995, tí o sì máa ń gba Boundary kọjá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, o ti gbọ́ orin Sàláwù rí, kódà kó o má mọ̀ ọ́n lójú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road. Tó bá di Sọ́ńdè, ó ń ta gìtá ní gbọ̀ngàn ilé ọtí kan. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ó sì lọ fẹ́ Ebiere, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹbí méjèèjì bínú títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀, ta ni kò fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn?

Ọ̀dọ̀ Godfrey, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa, ni kọ̀ǹpútà kékeré náà ti wá. Àpótí kan ló já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ojú kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ohun bíi tẹlifíṣàn tí èèyàn fi ń rí iṣẹ́ tó ń ṣe, fọ́ yángá. Ara rẹ̀ tó kù kò ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó sanra lọ. Nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

“Take am,” Godfrey sọ fún Sàláwù. “E no get face. Maybe madam go fit find work for am.”

Ebiere rí iṣẹ́ fún un lóòótọ́. Òun ló kíyè sí ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí okùn dùùrù rẹ̀ wọ̀ wẹ́kú. Wọ́n yá tẹlifíṣàn Ìyá Chukwudi tí wọ́n jọ ń gbélé, wọ́n so ó mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi í kọ́ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Kì í gba ohùn sílẹ̀ bíi kásẹ́ẹ̀tì. Ìka ló ń gbà sílẹ̀: èyí tó o fi tẹ dùùrù, bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà tó o gbé e kúrò. Tó o bá ní kó tún un ṣe, dùùrù á máa dún fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó ni ìka náà jókòó síbẹ̀.

Wọn ò lè máa gbé tẹlifíṣàn onítẹlifíṣàn lọ sóde eré, nítorí náà wọ́n há gbogbo rẹ̀ sórí. Tẹ lẹ́tà yìí, dúró kí díìsìkì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tọ́jú orin sí, kùn tán nínú rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń wò ó. Ní gbọ̀ngàn, orí kéèsì ọtí ló máa ń wà lábẹ́ dùùrù, aṣọ ìró Ebiere ni wọ́n sì fi ń bò ó. Sàláwù á ta gìtá, Regina, àbúrò Ebiere, á kọrin, Ebiere á tẹ dùùrù kan, èkejì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ náà á máa dún láìsí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Àwọn ọ̀mùtí ní àǹjọ̀nnú ni. Ebiere á ní àǹjọ̀nnú tòun kì í mutí, kò dà bíi tiwọn.

Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, ikùn kò jẹ́ kó lè sún mọ́ dùùrù mọ́. Ó pinnu láti tẹ gbogbo orin wọn sínú díìsìkì kan, kí ẹ̀rọ máa bá ọkọ rẹ̀ ṣeré títí òun á fi bímọ tán. Ó fa àga sẹ́yìn, ó na ọwọ́ gbọọrọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń dé lásìkò. Ọwọ́ òsì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nítorí apá òsì dùùrù ló jìnnà sí i jù. Sàláwù ní kó tún un tẹ̀.

“Fi sílẹ̀ jàre,” Ebiere dáhùn. “Ọmọ ẹ ló ń tì mí sẹ́yìn. Jẹ́ kóun náà wà nínú band.”

Ìyá àti ọmọ kò padà wálé láti ilé ìgbẹ̀bí.

Ọmọ náà kò ké, kò lórúkọ, kò ní fọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe láyé ni pé ó ti ìyá rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí dùùrù, ọwọ́ òsì tó ń pẹ́ dé nínú díìsìkì yẹn nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí i.

Sàláwù kò dá eré dúró. Àwọn aládùúgbò ní ọkàn rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀dí ni wọ́n ń sọ, nítorí Sọ́ńdè nìkan ni ọkùnrin náà ń rí ìyàwó rẹ̀. Á tẹ lẹ́tà, á dúró, á tẹ bọ́tìnnì gígùn, Ebiere á bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ òsì bá ti máa pẹ́, Sàláwù á fa gìtá sẹ́yìn kó lè dúró dè é. Àwọn tó ń jó náà ti mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á dúró, ọwọ́ á dé, wọ́n á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó yá, díìsìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í họ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ dípò kó máa kùn. Jìnnìjìnnì bo Sàláwù, torí ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Ó ní kí Godfrey bá òun wá òfìfo kan, kí òun da ti Ebiere kọ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Chukwudi ti kó lọ sí Aba nígbà wàhálà June 12, òun àti tẹlifíṣàn rẹ̀. Regina bá Sàláwù nílẹ̀ yàrá lọ́sàn-án Sátidé, níbi tó ti ń múra iṣẹ́ náà.

“Bọ̀dá, ẹ ní sùúrù,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ yá TV wá ní Marine Beach. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Láti ọjọ́ yìí, ta ló ń wo ojú ẹ̀?” Sàláwù dáhùn. “Etí mi ti tó.”

Ọ̀rọ̀ ìgbéraga gbáà! Ká ní ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà lọ ni!

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rọ á ka díìsìkì Ebiere, á dákẹ́. Ìwọ á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sórí rẹ̀, á tún dákẹ́. Ìwọ á dá ti Ebiere padà. Tó bá ti dákẹ́, pààrọ̀, tẹ bọ́tìnnì gígùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ dé ibi tó ń họ yẹn, ó dákẹ́. Tó bá ní ojú ni, ìbá kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé ibì kan kò ṣeé kà, ṣé kóun tún un gbìyànjú? Kò ní ojú. Sàláwù yọ ti Ebiere, ó ti tuntun bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì gígùn. Ẹ̀rọ rò pé ó ní kóun tún un kà ni, ó ka òfo tó wà lórí tuntun, ó dákẹ́. Sàláwù dá ti Ebiere padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ wá ń kọ òfo náà sórí rẹ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́, kò họ rárá.

“Ṣó o gbọ́ yẹn?” ó sọ fún Regina, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ara ẹ̀ ti yá.”

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Sàláwù tẹ lẹ́tà, ó dúró, ó tẹ bọ́tìnnì gígùn. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ó yọ díìsìkì, ó fi èkejì sí i, bákan náà ni. Ó jókòó sórí kéèsì ọtí kan, ó ń rántí iṣẹ́ àná ní ìdákẹ́ kan sí òmíràn, títí ó fi dé èyí tí etí rẹ̀ ti tàn án jẹ.

“Oga, wetin happen?” ẹnì kan pariwo láàárín èrò. “Put am make we dance!”

Ó gbé gìtá sílẹ̀, ó lọ sídìí dùùrù. Ó mọ orin náà dénú eegun. Ó tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń dé lásìkò. Àwọn oníjó gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n dúró, orin kọjá lórí wọn. Sàláwù dá a dúró. Ó fa àga sẹ́yìn, ó na ọwọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gùn ju ti Ebiere lọ, ó ṣì ń dé lásìkò. Ó tún fa àga sẹ́yìn sí i, títí ìka rẹ̀ fi kàn ń fara kan dùùrù lásán. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ti mu yó.

Regina kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń jókòó. Ó gbé máíkì sílẹ̀, ó wá dì í léjìká mú.

“Bọ̀dá,” ó wí pẹ̀lú ẹkún, “ẹ sún mọ́ ọn.”

“Mi ò lè sún mọ́ ọn, Regina,” Sàláwù wí. “Ọmọ wà níbẹ̀.”