Ọjọ́ Tí Tíṣà Adéyẹyè Tú Ìsọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Bàbá mi, Tíṣà Adéyẹyè, kì í ṣe onígboyà ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójijì ní títì Òrè, yóò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa ọmọ rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òdìgbó. Nínú gbogbo àwọn tó kà nípa wọn, ẹnì kan ni ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀: Komatsu Tatewaki, jagunjagun sàmúráì ará Japáànù.

Ìtàn Tatewaki ti sú ìyá mi. Ọjọ́ pẹ́ tí balógun àgbà ti ń ṣàkóso Japáànù, tí ọba kàn jókòó láàfin lásán. Agbaninímọ̀ràn ìjòyè ìgbèríko kan ni Tatewaki, abẹ́lẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tó rọ balógun náà pé kó dá ìjọba padà fún ọba. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ìjòyè yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún ìjọba tuntun, ó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn yòókù má baà rí ẹnu kọ̀. Bàbá mi á ní, "Kò pariwo. Ó kàn ṣe é lójú wọn ni."

Lọ́dún 1984, tí ṣúgà di ohun àwátì, tí àwọn ṣọ́jà ń na àgbàlagbà ní gbangba nítorí pé kò tò sórí ìlà, ọmọ kíláàsì kan béèrè pé, "Sà, ṣé àwọn ológun tiwa náà lè dá ìjọba padà?" Bàbá mi yára wo ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n ṣí ìwé sí orí mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ilé wa, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sá wọ yàrá.

Ẹnu ìyẹn la wà tí àṣẹ fi dé: gbogbo ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ní Òrè gbọ́dọ̀ kúrò. Àwọn ṣọ́jà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi, Lydia, ní ìsọ̀ níbẹ̀, ó ń ta gààrí àti epo fún àwọn arìnrìn-àjò. Alájì Rìlwánù tó ń ta táyà, olórí àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ títì, búra pé kò sẹ́ni tó máa kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n àdá.

Bàbá mi ti rí ohun tí ìbọn ṣe ní Òrè nígbà ogun Bìáfúrà. Inú rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, àmọ́ ó lọ bá Alájì.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa tú u. Àdá ò lè dojú kọ ìbọn wọn."

"Tíṣà, ẹ lọ kọ́mọ níwèé," ni Alájì dáhùn.

Ó lọ bá pásítọ̀, ó lọ bá lèmọ́mù, ó sì bá àwọn onísọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, àmọ́ kò sí onísọ̀ tó fẹ́ kọ́kọ́ tú tirẹ̀.

Láàárọ̀ Fúráìdé, ó sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ lọ tú ìsọ̀ rẹ̀. Ojú ìyá mi pọ́n.

"Ti ara ẹ̀ ni Tatewaki gbé sílẹ̀," ó ní. "Tèmi lẹ̀yin fẹ́ gbé sílẹ̀."

Ìyá mi sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì lọ mú òòlù wá fún un.

Èmi ni mo di àkàbà mú. Bí bàbá mi ti ń yọ ìṣó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ lé mi lórí. Àwọn èèyàn péjọ, wọ́n ń wò wá. Mo rò pé yóò yé wọn pé àpẹẹrẹ ló ń fi lélẹ̀. Àfi bí Nurat oníbúrẹ́dì ṣe figbe ta.

"Tíṣà ti gbọ́ nǹkan! Àwọn ṣọ́jà ló ta á lólobó! Òní ni wọ́n ń bọ̀!"

Kíá, òòlù ń dún lọ́tùn-ún lósì. Alájì pàápàá gbé pákó lérí. Bí ó ti ń kọjá lọ, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àkàbà wa, ó ní, "Ọ̀dàlẹ̀!"

Bàbá mi lanu láti sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi wò ó láti ìsàlẹ̀, ó mi orí fún un pé kó má sọ ọ́. Bàbá mi pa ẹnu dé, ó sì ń tú páànù lọ.

Ilẹ̀ òfìfo ni àwọn ṣọ́jà bá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n yí ọkọ̀ padà.

"Tíṣà Ṣọ́jà" ni àwọn ará Òrè ń pe bàbá mi títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó ra gààrí lọ́wọ́ ìyá mi ní Òrè mọ́; abúlé Omífunfun ló ń kiri rẹ̀ lọ. Inú bí mi púpọ̀. Mo ní kí bàbá mi sọ òótọ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á tún ìsọ̀ wọn kọ́. Àwọn oníbọn yẹn á sì padà wá."

Níbi ìsìnkú bàbá mi, Alájì dé, ó ti darúgbó, àwọn ọmọ àti ọmọọmọ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Monílọ́lá, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ló sọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an?"

Mo wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Jagunjagun kan ni, sà. Ó ti kú tipẹ́."

Alájì mi orí pé ó yé òun. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti mọ̀ pé ṣọ́jà ni."