Iyán Tí Bàbá Mi Kò Jẹ ní Òkè Fíà

Títí dòní, àárò àwọn òbí mi kì í jẹ́ kí n gbádùn ọjọ́ Sátidé. Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kì í sì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Nígbà tí dókítà sọ pé bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, iyán ni gbogbo ilé kọ́kọ́ sunkún fún. Ní ti ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá wọn jà, iyọ̀ ni dókítà gbà lọ́wọ́ wọn.

Ogun abẹ́lé ti parí ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta nígbà náà, mo sì ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo. Bí àwọn òbí mi bá wá kí mi láti Iléṣà, mo máa ń mú wọn lọ jẹun ní búkà kan ní Òkè Fíà, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ àwọn ti dèèyàn. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn béèrè oúnjẹ. Èmi ni mo máa ń lọ bá olóúnjẹ nílé ìdáná: ẹ̀wà fún bàbá, ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀ fún ìyá. Àṣẹ tí mo ń pa ní kíláàsì, mo gbé e dé ìdí abọ́ àwọn tó bí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kí n tó ti ilé ìdáná dé, bàbá mi ti ní kí wọ́n bu iyán wá fún àwọn. Kò ju ìkúùkù lọ. Wọ́n ti ṣanwọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ti ṣanwọ́ sí oúnjẹ, ọmọ kì í fọwọ́ kan àwo náà mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kúrò níwájú wọn.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Gbogbo èrò búkà yíjú sí wa.

Ìyá mi lanu láti sọ̀rọ̀. Bàbá fọwọ́ kan orúnkún ìyá mi, wọ́n sọ ohun kan sí wọn létí, ìyá mi sì panu dé. Bàbá fi áńkáṣíìfù nu omi ọwọ́ wọn.

"Ó ti tó. Ẹ jẹ́ á máa lọ ulé."

Inú mi ń dùn lọ́nà, mo rò pé mo ti gbà wọ́n là ni.

Wọn ò bá mi jẹun níta mọ́. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti yó. Kí ọdún tó yí po, bàbá mi pa ipò dà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ fún ìyá mi ní Iléṣà pé àgídí oúnjẹ ló pa bàbá.

"Bàbá rẹ ò ṣàgídí. Dókítà fún wọn láyè iyán díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣáájú ọjọ́ tí o gbé àwo náà ni wọn ò fẹnu kàn án, wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ làwọn ti máa jẹ ẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, màmá?"

"Wọ́n ní kí n dákẹ́, kójú má tì ọ́ láàárín èrò."