Imú Camillus àti Òdòdó Wimalasena

Bí ẹ bá fẹ́ dá Camillus apẹja mọ̀ ní Chilaw, létí òkun Sri Lanka, ẹ má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Kò ní pẹ́, kò ní jìnnà, á gbé e símú. Á nù ún mọ́ ìró tó ró mọ́dìí, á tún gbé e padà síbẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń fa àwọ̀n, ó sì ti gbà pé òórùn ẹja kò ní fi òun sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gba òun.

Òórùn yìí náà ló fi ń ṣe àwáwí fún Wimalasena, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọgbà kan ṣoṣo pààlà ilé wọn. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Camillus, ẹlẹ́sìn Búdà ni Wimalasena. Bí Kérésìmesì bá ti dé, Wimalasena á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó há, á tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, á sì sùn fọnfọn nídìí ìwàásù. Ṣùgbọ́n bó bá kan ti tẹ́ḿpìlì, Camillus á ní:

“Èmi tí mò ń pa ẹja jẹun? Búdà yín á ti gbóòórùn mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé Búdà ń fi imú yan èèyàn?”

“Ó dáa, ó di oṣù tó ń bọ̀.”

Wimalasena gbin igi òdòdó funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. “Ọjọ́ tó o bá ṣe tán, ibí la ó ti já tiwa.” Ọgbọ̀n ọdún ni igi yẹn fi ń tanná. Nígbà tó yá, ọkàn Wimalasena daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó sì kú.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta tó ti kú, tí wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún àwọn àlùfáà tẹ́ḿpìlì lórúkọ olóògbé, Camillus ní òun ń bọ̀, òun lòun ó sì gbé òdòdó igi náà dání. Sandamali, ọmọ olóògbé, tí ẹnu rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wá kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

“Bàbá Àwọ̀n, aṣọ funfun lẹ ó wọ̀ o. Ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó bọ́ bàtà.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ má kẹ̀yìn sí ère. Bẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí i. Ẹ má sì ya àmì àgbélébùú, kí wọ́n má rò pé eṣinṣin lẹ̀ ń lé.”

“Ọmọ yìí! Orí bàbá ẹ ló wà lọ́rùn ẹ.”

“Ó ku ọ̀kan. Ẹ má gbóòórùn òdòdó náà. Téèyàn bá ti kọ́kọ́ fà á símú, àjẹkù ló gbé wá.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Camillus fi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà fọ ọwọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó tún jí ọṣẹ olóòórùn dídùn ìyàwó rẹ̀ lò. Òjò ti gbọn òdòdó dànù, méje péré ló kù lórí igi. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó gbìyànjú. Ó di èémí mú bí ẹni tó rì sómi, ó ń já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó já ìkeje, ó mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ní: òórùn ẹja ọwọ́ yìí tilẹ̀ ti lọ bí?

Ọwọ́ lọ sí imú, tòun tòdòdó.

Ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó dúró títí, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń wo òdòdó. Nígbà tí Sandamali yọ, ojú Camillus ti pọ́n.

“Mo ti sọ ọ́ di àjẹkù.”

Sandamali wo ọwọ́, ó wo imú. “Ẹja ńkọ́? Ṣé ẹ gbóòórùn ẹja?”

“Rárá. Òdòdó nìkan.”

“Bàbá mi ì bá rẹ́rìn-ín kú lẹ́ẹ̀kejì!” Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló fi parí. Ó wọlé, ó bu omi sí ìkòkò kékeré. “Ẹ gbé èyí, ẹ ó dà á sídìí igi mímọ́ tó wà ní tẹ́ḿpìlì. Omi ò ní òórùn tẹ́ ẹ máa jí.”

Camillus to òdòdó méjèèje sórí ọgbà, ó sì tẹ̀ lé e.

Ní tẹ́ḿpìlì, èéfín tùràrí, àtùpà òróró àgbọn àti òógùn èèyàn ti pò pọ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀ ti Camillus ni Piyadasa, alátà ẹja gbígbẹ, tí òórùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Camillus da omi sídìí igi, ó gbé ọwọ́ símú, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó ń jáde, ó wo òkìtì bàtà ẹnu ọ̀nà títí, bí ẹni tó ń wá èyí tó máa ń há Wimalasena lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ti pa òdòdó náà lórí ọgbà kó tó délé. Ó kó wọn jọ, ó fà wọ́n símú bó ṣe wù ú. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí mọ́.